Ìró Méjì, Etí Kan Tí A Dí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Etí Tó Ń Hó

Ọkùnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 47 nígbà tó kọ́kọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò wa. Ọdún 19 ló ti lò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu sún mọ́ ọn létí kó tó lè gbọ́. Mo ti yí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra, àti àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe rí ni mo ṣe kọ wọ́n.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù méje ti kọjá tí etí rẹ̀ òsì ti ń hó, ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tinnitus. Ìró náà tín-ín-rín, ó lọ sókè, kì í sì í dákẹ́; ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò gbé àwòrán jáde. Láti nǹkan bí oṣù méjì ni ìró kejì ti wá dara pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Èyí ń hó ṣìì bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, etí méjèèjì ló sì wà. Nínú ìwé tí wọ́n fi rán an sí wa, ìró kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka èkejì sí, torí pé nígbà tí aláìsàn bá ti ní etí òun ń hó, kò wọ́pọ̀ kí a bi í pé ìró mélòó ló ń gbọ́.

Ó rántí òru tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ilé iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ, ó wá dùbúlẹ̀ sílé nínú ìdákẹ́rọ́rọ́, ló bá gbọ́ ìró kan. Ó dìde, ó fa okùn fìríìjì yọ lára iná. Ó fa ti tẹlifíṣọ̀n yọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ síta, ìró náà bá a jáde. Ìgbà tó wá fi ìka di etí méjèèjì, tí ìró náà tún le sí i, ló tó mọ̀ pé inú orí òun ló ti ń wá. Ó ní orí àtẹ̀gùn lòun jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dókítà tó kọ́kọ́ rí i bá ìdọ̀tí tó ti gan nínú etí òsì náà, ó sì fi omi fọ̀ ọ́ jáde. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyẹn, torí pé ìdọ̀tí tó bá dí ihò etí lè mú kí etí máa hó, ìró náà sì lè lọ pátápátá bí a bá kó o kúrò. Ti ọkùnrin yìí kò lọ. Nígbà tó padà lọ, wọ́n sọ fún un pé, "Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, ẹ máa fara dà á." Mo mọ bí gbólóhùn yìí ṣe máa ń já bọ́ lẹ́nu oníṣègùn tí èrò kún iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò sì ní in lọ́kàn láti bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Àmọ́ aláìsàn náà gbé e lọ sílé bí ìdájọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí kò tíì sí oògùn kan tí a ń gbé mì tó ń pa irú ariwo yìí rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a lè ṣe kò kéré. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà kọ wọ́n sílẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014, NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì kọ tirẹ̀ ní 2020.

Bí wọ́n ti sọ fún un pé kò sí nǹkan, ó gbà pé òun ni yóò wá a fúnra òun. Òru ló fi ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ra ginkgo, egbòogi kan tí wọ́n fi ewé igi ṣe, ó lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ó fi hóró zinc kún un, ó tún fi melatonin, tí àwọn ènìyàn ń lò fún oorun, kún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ohun tí ìlànà 2014 yẹn ní kí oníṣègùn má ṣe dámọ̀ràn fún ariwo inú etí, nítorí ìwádìí kò fi èrè kankan tó ṣeé gbára lé hàn nínú wọn. Ó jáwọ́ nínú kọfí lójijì, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Kí ẹni tó ń kà á jọ̀wọ́ fi orí fífọ́ yẹn sọ́kàn. Ó ka ìtàn àwọn tí etí wọn ń hó tí wọ́n wá rí kókó nínú orí wọn. Kò ka ìtàn àwọn tí etí wọn ń hó tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ, torí irú wọn kì í sábà jókòó kọ ìtàn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù: ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Neurology ní 2022 sọ pé nǹkan bí àgbàlagbà 14 nínú 100 ló ti ní irú ìró yìí, iye wọn lé ní mílíọ̀nù 740 káàkiri àgbáyé, ti nǹkan bí 2 péré nínú 100 ló sì le gan-an.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ṣé ìró náà ń lù bí ọkàn ṣe ń lù? Mo ní kó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kó fi bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń sọ wé ohun tó ń gbọ́, torí pé ìró tó bá ń bá ọkàn rìn lè ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wá, àyẹ̀wò tirẹ̀ sì yàtọ̀. Kò bá a rìn. Ṣé ìgbọ́ràn rẹ̀ lọ lójijì? Bí ìgbọ́ràn bá lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta láìsí ìdọ̀tí nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, nítorí àkókò tí oògùn steroid fi lè ràn án lọ́wọ́ kì í pẹ́. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òòyì kì í kọ́ ọ. Nígbà tí mo ní kó di eyín pọ̀ gírígírí, ìró tín-ín-rín náà lọ sókè díẹ̀, èyí sì wọ́pọ̀, nítorí àwọn iṣan àgbọ̀n àti ti ọrùn ní ìsopọ̀ pẹ̀lú ibi tí ọpọlọ ti kọ́kọ́ ń gba ìró wọlé. Mo wá bi í pé, "Ṣé oògùn kankan wà tí ẹ ń lò?" Ó ní rárá, àfi àwọn tí òun rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ti jáwọ́ nínú wọn. Mo kọ "kò sí" síwájú ìbéèrè náà, mo sì kọjá lọ.

Nínú àyẹ̀wò ìgbọ́ràn, Hz ni a fi ń wọn bí ìró ṣe tín-ín-rín tó, dB sì ni a fi ń wọn bó ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kí etí tó gbọ́ ọ; bí dB bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbọ́ràn ṣe burú tó. Àyẹ̀wò tirẹ̀ fi hàn pé etí méjèèjì ń gbọ́ dáadáa láti 250 Hz títí dé 2000 Hz. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ti òsì já wálẹ̀: 40 dB ní 3000 Hz, 60 dB ní 4000 Hz, 55 dB ní 6000 Hz, kó tó gòkè padà sí 35 dB ní 8000 Hz. Ti ọ̀tún já ní ibì kan náà, ṣùgbọ́n 40 dB ló dé ní 4000 Hz. Kòtò tó wà ní àgbègbè 4000 Hz, tó sì ń gòkè padà ní 8000 Hz, ipa tí ariwo máa ń fi sílẹ̀ ni. Mo bi í bó ṣe máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ. Ó dìde, ó ṣe é fún mi rí: èjìká òsì rẹ̀ ló kọ sí ibi tí ìwé ti ń já jáde, tí irin ti ń gbá irin. Lẹ́yìn náà la fún un ní ìwé ìbéèrè THI tí wọ́n ti ń lò láti 1996, tó ní ìbéèrè 25, tí máàkì rẹ̀ ń lọ láti 0 dé 100 gẹ́gẹ́ bí ìró náà ṣe ń da ayé ẹni láàmú tó. Ó gba 68, èyí tó bọ́ sí abala àwọn tí tiwọn le.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín etí méjèèjì, àti bí ìró àkọ́kọ́ ṣe wà ní apá kan ṣoṣo, tó ohun tí a fi ń béèrè àwòrán MRI, èyí tí ẹ̀rọ ń yà nínú orí, kí a lè mọ̀ bóyá kókó kan wà lára iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Àwòrán náà yẹ. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kò dára. Mo ní, "A fẹ́ rí i dájú pé kò sí kókó níbẹ̀," mo kọ ìwé, mo fà á lé e lọ́wọ́. N kò sọ fún un pé irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé díẹ̀díẹ̀ ló sábà máa ń dàgbà, pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a ń rán lọ ya àwòrán yìí ni a kì í bá nǹkan kan lára wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi dúró kí àyè tó yọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, oorun rẹ̀ lóru já láti wákàtí márùn-ún sí mẹ́ta, ó kọ ọ̀rọ̀ ìnáwó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ìwé kan, ó sì fi ìwé náà pa mọ́ sábẹ́ aṣọ. Nígbà tí a tún fún un ní ìwé THI, máàkì rẹ̀ ti gòkè sí 82. Etí rẹ̀ kò yí padà ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ́lì kan. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló bá a wọlé, tó sì bá a sùn.

Ìpàdé kejì yìí náà ni ojú wa là sí ìró kejì. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó yọ páálí oògùn kan tó ti ká kọrọdọ, ó tẹ hóró méjì jáde sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì dà wọ́n sẹ́nu láìbu omi mu, bí ẹni tó ti mọ́ lára.

"Kí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Ti orí fífọ́ ni, dókítà. Aspirin lásán ni."

Mo gba páálí náà wò. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg. Ó ní òun ń lò ó nígbà mẹ́ta lóòjọ́, nígbà mìíràn mẹ́rin, láti ìgbà tí òun ti fi kọfí sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́, lójoojúmọ́, fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. Aspirin ní irú ìwọ̀n yìí máa ń mú kí etí hó, ó sì máa ń dín ìgbọ́ràn kù díẹ̀, ní etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni lára àwọn ohun tí a mọ̀ dájú jù lọ pé ó ń fà á, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ń lọ bí a bá mú ohun tó fà á kúrò. Mo ti béèrè oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lójú tirẹ̀, oògùn ni ohun tí dókítà bá kọ sí ìwé. Ohun tó wà lápò kì í ṣe oògùn.

Ó tún ní àyà ń ta òun. A rán an sí dókítà tó ń tọ́jú inú ara lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ní kó jáwọ́ nínú aspirin náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ní kó máa lò ó. Ẹni tí wọ́n bá kọ aspirin kékeré fún nítorí ọkàn kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ jáwọ́ torí pé ó ka irú èyí. Ìwọ̀n aspirin ti ọkàn kéré gan-an sí èyí tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọkùnrin náà wá láìdá àkókò. Ìró ṣìì ti lọ ní etí méjèèjì. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó ku ọ̀kan." Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀kan tó kù kò ní irú ẹsẹ̀ tí èyí fi rìn lọ.

Àwòrán MRI jáde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo retí pé ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí ló wá ń dún?" Ìbànújẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Kókó ì bá jẹ́ ohun tí wọ́n lè gé kúrò. Àìsí nǹkan kan kò ṣeé gé. Ìbéèrè yẹn ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ní tòótọ́, torí pé òun ló béèrè rẹ̀, èmi kọ́ ni mo fà á sí i lọ́rùn.

Mo gbé ìwé àyẹ̀wò ìgbọ́ràn rẹ̀ sáàárín wa, mo fi ìka lé kòtò 4000 Hz. Mo ṣàlàyé pé inú etí wa lọ́hùn-ún, nínú ihò tó ká bí ìkarahun ìgbín, ni àwọn irun wẹ́wẹ́ wà tó ń sọ ìró di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ, pé ariwo ti ba àwọn tó wà ní ojú ibi yìí jẹ́, wọn kì í sì í hù padà. Ọpọlọ kò rí iṣẹ́ gbà mọ́ láti ibẹ̀, ló bá ń yí ohùn sókè, bí ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ rédíò tó jìnnà, tó yí rédíò rẹ̀ sókè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ híhó rédíò náà fúnra rẹ̀. Ó ní ṣé gbogbo ènìyàn ni ọpọlọ wọn ń hó báyìí. Mo sọ fún un nípa ìwádìí kan tí Heller àti Bergman ṣe ní 1953: wọ́n kó 80 ènìyàn tí ìgbọ́ràn wọn dára sínú yàrá tí ìró kò lè wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀, àwọn 94 nínú 100 ló sì gbọ́ ìró kan tàbí òmíràn níbi tí kò ti sí ìró. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú yàrá mi. Ó ní, "Ṣé ìdákẹ́jẹ́ ló ń bá mi jà ni?"

N kò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bá a mu tó. Bí mo ṣe tún wo inú etí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí i pé ara ihò etí méjèèjì pupa, ó ń dán, ó sì ti bó níbì kan, bí awọ tí nǹkan ń rà mọ́ lójoojúmọ́. Mo bi í pé kí ló ń fi síbẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì, ó yọ agolo pẹlẹbẹ kan jáde, ó ṣí i: fóòmù ìdíyètí mẹ́fà ló tò síbẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò wọn ti dúdú léti. Láti oṣù karùn-ún sẹ́yìn ló ti ń fi wọ́n dí etí, kí ohun tó kù nínú ìgbọ́ràn rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ó ń fi wọ́n jẹun, ó ń fi wọ́n rìn lójú ọ̀nà, ó ń fi wọ́n sùn. Mo ní ńkọ́ nídìí ẹ̀rọ? Ó ní ibẹ̀ lòun máa ń yọ wọ́n kúrò, torí ìró ẹ̀rọ ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ń mọ̀ bí ìwé bá fẹ́ há.

Ibi tí ariwo wà, ó ṣí etí sílẹ̀. Ibi tí kò sí, ó dí i pa.

Ìwádìí kan wà tí Schaette àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2012, tí mo máa ń gbé fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fi ohun ìdíyètí sí etí kan ṣoṣo fún ènìyàn 18 tí ìgbọ́ràn wọn dára, fún ọjọ́ méje. Mẹ́rìnlá nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró tí kò sí, ìró náà sì lọ nígbà tí wọ́n yọ ohun náà. Bí ọjọ́ méje bá ṣe báyìí fún etí tó dá, kí ni a retí pé kí oṣù márùn-ún ṣe fún etí tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń yí ohùn sókè tẹ́lẹ̀? Ọkùnrin yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ohun tó ń sá fún, gbogbo wa tí a rí i kò sì béèrè, bẹ́ẹ̀ agolo náà wà lápò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń jókòó síwájú wa.

A kò ní kó yọ fóòmù náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti dí etí fún oṣù márùn-ún, bí ẹnìkan bá gbé ṣíbí lé àwo, yóò dà bí ìbọn létí rẹ̀. Wákàtí kan ní ọ̀sán la fi bẹ̀rẹ̀, nínú ilé, pẹ̀lú rédíò tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. A ń fi wákàtí kan kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, òru ni a sì fi ṣe ìkẹyìn. Ní ti ibi iṣẹ́, òdìkejì rẹ̀ la ṣe. Ilé iṣẹ́ náà gbà kí a wọn ariwo wọn, ó tó 91 dB níbi tó máa ń dúró, èyí tí wákàtí méjì péré tó láti gba gbogbo ìpín ariwo ọjọ́ kan bí a bá fi 85 dB fún wákàtí mẹ́jọ ṣe òdiwọ̀n. Ìbòtí ńlá tó bo gbogbo etí ló ń lò níbẹ̀ báyìí, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ bí ẹ̀rọ bá ń yí. Ó ti kọ́ láti máa fi ọwọ́ kan ara ẹ̀rọ láti mọ̀ bí ìwé bá fẹ́ há.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni ìgbésẹ̀ kejì, ó sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, torí pé lójú tirẹ̀ òun kò dití. Mo ní kó fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an wò. Etí méjèèjì la fi sí, irú èyí tí kò dí ihò etí, tí a sì ṣe kó máa gbé kìkì àwọn ìró tó ga ju 2000 Hz lọ sókè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó padà wá kò kan ìró rárá: ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun obìnrin kì í kùn bó bá ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó ní ìró náà ń fà sẹ́yìn lọ́sàn-án. Mo gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀rọ náà ń dá iṣẹ́ padà fún ojú ibi tí ọpọlọ ń wá. Lóru, ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣe ìró òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, a sì ní kó má jẹ́ kó bo ìró etí rẹ̀ pátápátá. Kó kàn rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, kí etí lè máa gbọ́ méjèèjì pọ̀. Jastreboff, onímọ̀ kan nípa ìgbọ́ràn, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1990, ẹ̀rí tó wà lórí ìró ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nìkan kò sì lágbára tó ti àwọn ìtọ́jú tó kù, ṣùgbọ́n kò léwu, ó sì jẹ́ kó sùn.

Ọjọ́ kan wà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. A fẹ́ wọn ìró náà: a ń fi ẹ̀rọ dún ìró oríṣiríṣi fún un títí ó fi sọ pé, "Òun nìyẹn." Ó bá ti 6000 Hz mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 7 dB péré lókè ibi tí etí rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí, kì í fi bẹ́ẹ̀ ga. Ìyàwó rẹ̀ bá a wá lọ́jọ́ náà, ó sì béèrè bóyá òun lè gbọ́ ọ. Ọkọ gbà. A ṣe é kó ga ju ibi tí etí tirẹ̀ ti ń gbọ́ lọ pẹ̀lú 7 dB kan náà, a fi agbọ́hùn bò ó létí. Ó dákẹ́, ó di ojú, ó ní, "Ṣé èyí náà ni?" Ojú ọkùnrin náà sì yí padà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà gún un, bí ẹni pé wọ́n ní ó ń ṣe àṣejù. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ní, "Kì í dákẹ́? Bó ṣe wà yìí, títí?" Kò yọ agbọ́hùn náà. Ó jókòó tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó wá ní kí a pa á. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń wá.

Apá tó gùn jù ni ti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ìpàdé mẹ́jọ lórí ìtọ́jú CBT, tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ yí bí ènìyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà sí ìṣòro rẹ̀ padà. Ìwádìí Cima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands, tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Lancet ní 2012 lórí ènìyàn 492, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa fi ọkàn balẹ̀ rán àwọn aláìsàn lọ síbẹ̀. Ó ń dín ìdààmú kù, bí ìró náà kò tilẹ̀ yí padà púpọ̀. Ní ìpàdé kejì wọ́n ní kó máa fa ìlà kan sínú ìwé pélébé kan ní gbogbo ìgbà tó bá dákẹ́ láti tẹ́tí sí i bóyá ìró náà ṣì wà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìlà 31 ló fà. Ó gbé ìwé náà wá fún mi wò: àwọn ìlà náà to márùn-ún márùn-ún, wọ́n sì ki jù lọ láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí òun ń ṣe bí òun bá lajú ni láti wá a. Kò sí ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lórí èyí ju pé kó kọ́kọ́ dìde, kó ṣí fèrèsé, kó fọ ojú, kó tó ṣèbẹ̀wò sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìlà náà ti di mẹ́sàn-án.

Máàkì THI rẹ̀ já sí 44 ní oṣù kẹta ìtọ́jú. Ní oṣù karùn-ún, òtútù mú un, etí rẹ̀ wú, ìró náà le, ó sì padà sórí fóòmù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó pè, a yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbọ́ràn rẹ̀ kò yí padà, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí kan ní ọ̀sán. Kò gba ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní ìgbà kejì yìí. Ní oṣù kẹsàn-án, máàkì rẹ̀ jẹ́ 22.

Ní ti àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo mú nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìró àti ohun tó ń bọ́ ọ yẹ kó ní ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fáìlì. Ariwo ọdún 19 ló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí ìyẹn mọ́. Aspirin, fóòmù, àìsùn, ọ̀rọ̀ dókítà kan àti ọ̀rọ̀ tèmi ló ń bọ́ ọ, gbogbo wọn ló sì ṣeé fọwọ́ kàn. A ti wá ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ olówó ńlá kí a tó béèrè ohun tó wà nínú àpò méjì. Nínú ìwé tí aláìsàn tuntun ń kọ lọ́dọ̀ wa báyìí, a ti yọ "Ṣé ẹ ń lo oògùn?" kúrò, a fi "Kí ni ẹ gbé mì láti àná, yálà dókítà kọ ọ́ tàbí kò kọ ọ́?" rọ́pò rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e béèrè ohun tí wọ́n ń fi sí etí, nígbà wo, àti níbo. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn béèrè ìró mélòó ni wọ́n ń gbọ́, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ní láti rán ẹnìkan lọ ya àwòrán MRI, a kì í jẹ́ kó dìde lórí àga kó tó mọ ohun tí a ń wá, bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó, àti ohun tí a óò ṣe bí a kò bá rí nǹkan kan, torí pé àìrí nǹkan kan ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn.

Àṣà mìíràn tí mo ti fi sílẹ̀ ni ti ìbéèrè tí mo máa ń fi ki aláìsàn káàbọ̀. Ní àyẹ̀wò oṣù kẹrìnlá, bí ọkùnrin náà ṣe jókòó ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì ń dún?" Ó dákẹ́. Ó tẹ orí sí apá òsì díẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá a ná," ló wí, ó sì wá a, ó sì rí i. Láti ìgbà náà, oorun ni mo ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ilé. Ìwé THI ni mo fi ọ̀rọ̀ ìró sílẹ̀ fún.